Àwọn Tí Ń Wọn Ìrònú Láti Òkèèrè

Ọfà márùn-ún ló tò lẹ́sẹẹsẹ lójú kọ̀ǹpútà. Mẹ́rin kọjú sí òsì, èyí tó wà láàárín kọjú sí ọ̀tún. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ kò le rárá: kó gbójú kúrò lára àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó sọ ibi tí ti àárín kọjú sí. Bó bá jẹ́ òsì, kó tẹ F. Bó bá jẹ́ ọ̀tún, kó tẹ J. Á gbà á, àmọ́ ìka rẹ̀ á lọ́ra díẹ̀ ju ìgbà tí gbogbo ọfà bá kọjú síbì kan náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìlọ́ra yẹn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá sẹ́kọ́ńdì kan. Ẹni tó tẹ bọ́tìnnì gan-an kò ní mọ̀ pé òun lọ́ra. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1974 tí Barbara Eriksen àti Charles Eriksen ti gbé irú ìdánwò yìí jáde ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú lẹ́tà dípò ọfà, irú ìlọ́ra kékeré bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùwádìí saikọ́lọ́jì fi ń mọ bí ọkàn ènìyàn ṣe ń ya ohun tó kàn án sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí kò kàn án.

Láyé ìgbà náà, yàrá ìwádìí ni ẹni tó máa ṣe ìdánwò ń wá. Lónìí, ó lè wà lórí àga nínú ilé rẹ̀ ní Leeds tàbí ní Ohio, kó ṣe é nínú bíráwúsà kan náà tó fi ń wo bọ́ọ̀lù, kí olùwádìí tó gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀ má sì fojú kàn án títí ayé. Kọ̀ǹpútà tí olùwádìí kò mọ irú rẹ̀, kíbọ́ọ̀dù tí kò fọwọ́ kàn rí, yàrá tí kò mọ ẹni mìíràn tó wà níbẹ̀: inú gbogbo èyí ló ti fẹ́ yọ ìlọ́ra tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá sẹ́kọ́ńdì jáde láì ya á. Mo ka iṣẹ́ yìí kún àwọn iṣẹ́ ọwọ́ tó gún régé jù lọ tí wọ́n ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń ṣe é kì í sábà gba ìyìn, torí bí ọwọ́ wọn bá ṣe mọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ wọn kì í hàn.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ìbéèrè kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àmì àròpọ̀ kékeré kan á kọ́kọ́ yọ láàárín, kí ojú lè ní ibi tó máa dúró sí. Á wà níbẹ̀ fún ìdajì sẹ́kọ́ńdì, lẹ́yìn náà ni àwọn ọfà á yọ. Ibí yìí ni ọwọ́ ọ̀gá ti ń yàtọ̀ sí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ojú kọ̀ǹpútà ń tún àwòrán ara wọn yà ní ìgbà 60 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Bí a bá pín sẹ́kọ́ńdì sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, tí a pe ìdá kọ̀ọ̀kan ní mílísẹ́kọ́ńdì, a jẹ́ pé 16.7 nínú wọn ló wà láàárín ìyàwòrán kan àti èyí tó tẹ̀ lé e. Kóòdù lè pàṣẹ pé kí ọfà yọ nísinsìnyí; ojú kọ̀ǹpútà kò ní ṣe é títí àsìkò ìyàwòrán tó kàn á fi tó. Ẹni tí kò mọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò látìgbà tó ti pàṣẹ. Ẹni tó mọṣẹ́ á lo àṣẹ kan tí wọ́n ń pè ní requestAnimationFrame, tó ń sọ fún bíráwúsà pé kó ta òun lólobó nígbà tó bá kù díẹ̀ kó yàwòrán, ìgbà yẹn ni òǹkà rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀. Ìlà kóòdù bíi mélòó kan péré ló ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ èkíní ti fi òjò ìdádúró tí kò ní ìlànà da ìdánwò rẹ̀ rú kó tó bẹ̀rẹ̀.

Torí náà ni wọn kì í fi í béèrè ohun tí ojú kọ̀ǹpútà kò lè fún wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ kí àwòrán kan yọ fìrí kó sì lọ, wọn kò ní sọ pé kó wà fún mílísẹ́kọ́ńdì 40. Ìyàwòrán méjì jẹ́ 33, mẹ́ta jẹ́ 50; kò sí ohun tó ń jẹ́ 40 láàárín wọn. Ẹ wo inú àwọn ìwé ìwádìí, ẹ óò rí 50, 100, 150, 200. Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ lè rò pé àwọn oníṣẹ́ kàn fẹ́ràn iye tó rọrùn kà ni. Ìyàwòrán mẹ́ta, mẹ́fà, mẹ́sàn-án, méjìlá ni.

Àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí sábà máa ń béèrè nípa nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Wọ́n á ní, ṣé íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fà kò ní ba ìwọ̀n náà jẹ́? Kò ní bà á jẹ́ bí ẹni tó ṣe é bá gbọ́n. Aago tó ń ka àkókò kò sí lọ́dọ̀ olùwádìí; orí kọ̀ǹpútà olùkópa ló wà. Gbogbo àwòrán tí ìdánwò máa lò ni wọ́n á ti kó wá síbẹ̀ kí ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yọ, ìdáhùn á sì máa ko ara jọ síbẹ̀ títí wọ́n á fi fi ránṣẹ́ lápapọ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ kó tún dé láàárín ìdánwò, ìka tó ń tẹ F àti J kò ní mọ̀.

Ọ̀rọ̀ F àti J náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àdédé. Ẹ fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù yín wò. Bọ́tìnnì méjèèjì yìí ní ìlà tín-ín-rín kan tó yọ sókè, tí àwọn tó ń fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tẹ̀wé ń lò láti mọ ibi tí ọwọ́ wọn wà láì wò ó. Olùwádìí tó yan bọ́tìnnì wọ̀nyí ti rí i dájú pé ojú olùkópa kò ní kúrò lára ọfà lọ wá bọ́tìnnì. Kíbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ní ìdádúró tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń bi í léèrè lemọ́lemọ́ bóyá ẹnì kan ti tẹ nǹkan, ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù USB ni wọ́n sì ń bi ní ìgbà 125 láàárín sẹ́kọ́ńdì, ìyẹn lẹ́ẹ̀kan ní mílísẹ́kọ́ńdì mẹ́jọ mẹ́jọ. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ gẹ́rẹ́ tí wọ́n bi í tán, á dúró di ìgbà mìíràn.

Bí a bá ro gbogbo ìdádúró yìí pọ̀, ṣé ìwọ̀n tó ti inú bíráwúsà wá ṣe é gbà gbọ́? Joshua de Leeuw, tó kọ jsPsych, ọ̀kan nínú àwọn irinṣẹ́ tí wọ́n ń lò jù fún iṣẹ́ yìí, wádìí ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú Benjamin Motz, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2016. Wọ́n gbé ìdánwò wíwá nǹkan lójú kọ̀ǹpútà kalẹ̀ lọ́nà méjì: ọ̀kan pẹ̀lú kóòdù JavaScript tí bíráwúsà ń lò, èkejì pẹ̀lú irinṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti fọkàn tán ní yàrá ìwádìí. Àkókò tó ti inú bíráwúsà wá gùn ju ti èkejì lọ pẹ̀lú nǹkan bí mílísẹ́kọ́ńdì 25. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ yẹn á ní bíráwúsà kò dára. Àmọ́ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìbéèrè tó le àti èyí tó rọrùn jáde bákan náà lọ́nà méjèèjì. Àfikún 25 náà wà lórí gbogbo ìbéèrè, ó le o, ó rọrùn o; bí a bá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, á bá a lọ.

Èèyàn kan ti ríran rí èyí ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ kọ̀ǹpútà. Franciscus Donders, dókítà ojú ní ìlú Utrecht lórílẹ̀-èdè Netherlands, fẹ́ mọ iye àkókò tí ọkàn ń lò láti yan ohun kan láàárín méjì. Kò ṣe é wọ̀n ní tààràtà, nítorí pé ojú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ríran, ọwọ́ sì gbọ́dọ̀ gbéra. Ohun tó ṣe, tó gbé jáde ní 1868, ni pé ó wọn ìgbà tí ènìyàn kàn ń dáhùn láì yan nǹkan kan, ó wọn ìgbà tó ní láti yàn, ó wá yọ èkíní kúrò nínú èkejì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìwọ̀n ewúrẹ́ tí kò fẹ́ dúró jẹ́ á gbé e mọ́ra gun òṣùwọ̀n, á sọ ọ́ kalẹ̀, á tún òun nìkan gùn ún, á wá yọ ìwọ̀n kejì kúrò nínú ti àkọ́kọ́. Ohun yòówù kó wọ̀ sọ́rùn kò kan ewúrẹ́ mọ́ lẹ́yìn tó bá ti yọ ọ́. Ìdádúró kíbọ́ọ̀dù, ojú kọ̀ǹpútà àti bíráwúsà ni aṣọ ọrùn yẹn.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ibo ni ọgbọ́n iṣẹ́ yìí wà? Lójú tèmi, ó wà nínú kí ohun méjì tí wọ́n fẹ́ yọ kúrò nínú ara wọn gba ojú ọ̀nà kan náà, láìku ẹyọ kan. Ọfà tó bára mu àti èyí tí kò bára mu gbọ́dọ̀ tóbi bákan náà, kí wọ́n yọ níbì kan náà, kí ìye wọn dọ́gba. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣe oríṣi méjèèjì lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Wọ́n á da àwọn ìbéèrè pọ̀ mọ́ra, torí bí gbogbo èyí tó rọrùn bá ṣáájú, àárẹ̀ á bá èyí tó le nílẹ̀, olùwádìí á sì ka àárẹ̀ sí ìrònú. Bó bá jẹ́ àwọ̀ ni bọ́tìnnì dúró fún, ìdajì àwọn olùkópa á lo F fún pupa, ìdajì yòókù á lo J, kí ọwọ́ ọ̀tún tó máa ń yá ju ti òsì lọ lára ọ̀pọ̀ èèyàn má bàa kó sínú ìṣirò. Mo ti rí kóòdù tí gbogbo ìtò yìí ò ju ojú ewé kan lọ. Ẹ kà á bí ẹ ṣe ń ka ewì tí kò ní ọ̀rọ̀ àsọdùn.

Ìdádúró tó ń yí padà láti ìbéèrè dé ìbéèrè kò ṣe é yọ bẹ́ẹ̀, lóòótọ́. Àmọ́ níbẹ̀ náà, ìròyìn ayọ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Rolf Ulrich àti Markus Giray ti fi ìṣirò hàn ní 1989 pé aago tí kò mú kì í fi bẹ́ẹ̀ pa irú ìwádìí yìí lára bí ènìyàn ṣe rò. Ìdí rẹ̀ ni pé ènìyàn fúnra rẹ̀ ni kò dúró sójú kan. Ẹnì kan náà á dáhùn ìbéèrè kan ní mílísẹ́kọ́ńdì 420, á dáhùn ìkejì rẹ̀ ní 610, láìsí ohun tó yí padà. Nínú irú ìjì bẹ́ẹ̀, mílísẹ́kọ́ńdì mẹ́jọ ti kíbọ́ọ̀dù kò já mọ́ nǹkan. Ìbéèrè díẹ̀ sí i ló máa tán an.

Kì í sì í ṣe gbogbo ìdánwò ló ń wá aago tó mú. Nígbà tí John Ridley Stroop gbé tirẹ̀ jáde ní 1935, bébà ló lò, ó sì ka àkókò fún odidi bébà kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun 100 ló wà lórí rẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ ní láti dárúkọ àwọ̀ wọn. Nígbà tó jẹ́ àmì lásán ni wọ́n kùn, wọ́n parí rẹ̀ ní sẹ́kọ́ńdì 63.3 ní ìpíndọ́gba. Nígbà tó jẹ́ orúkọ àwọ̀ mìíràn ni wọ́n kọ síbẹ̀, bíi ká fi yíǹkì àwọ̀ ewé kọ “pupa”, ó gbà wọ́n ní 110.3. Ẹ pín ìyàtọ̀ náà sí ọgọ́rùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì sẹ́kọ́ńdì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò yà mí lẹ́nu pé nígbà tí Matthew Crump àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àwọn ìdánwò àtijọ́ lọ sórí Mechanical Turk ti Amazon, ìkànnì tí àwọn èèyàn ti ń ṣe iṣẹ́ kéékèèké gbowó, tí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí ní 2013, ti Stroop àti ti Eriksen jáde bó ṣe yẹ. Èyí tí àwòrán ti ń yọ fìrí tí a kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ló fún wọn ní wàhálà.

Oníṣẹ́ tó dáńtọ́ mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ. Yàtọ̀ sí àwòrán tó ń yọ fìrí, ibi tí mo máa ń fojú sí jù ni ìgbà tí wọ́n bá ń fi ẹgbẹ́ kan wé ẹgbẹ́ mìíràn. Bí olùwádìí bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn àgbà ń lọ́ra ju àwọn ọ̀dọ́ lọ, tó sì jẹ́ pé láptọ́ọ̀pù tó ti gbó ló wà lọ́wọ́ àwọn àgbà, ọjọ́ orí ẹ̀rọ ló máa wọ̀n, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọjọ́ orí ènìyàn. Kò sí ìyọkúrò tó lè gbà á níbẹ̀.

Nígbà mìíràn, ìjà tí kì í ṣe tiwọn ló máa ń bá wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà kéde àléébù kan tí wọ́n pè ní Spectre. Ẹni ibi tó bá rí aago tó mú gan-an nínú bíráwúsà lè fi jí ọ̀rọ̀ àṣírí inú kọ̀ǹpútà. Kíá ni àwọn tó ń ṣe Firefox àti Chrome mọ̀ọ́mọ̀ dín ìmúná aago wọn kù. Aago kan náà ni àwọn olùwádìí ń lò. Wọ́n ní láti tún un wọ̀n, kí wọ́n sì rí i pé fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wọn, ohun tó kù tó wọn lò.

Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo ọgbọ́n wọn ni bí wọ́n ṣe ń mọ ibi tí olùkópa jókòó sí. Ní yàrá ìwádìí, wọ́n á ní kó gbé àgbọ̀n lé orí igi kan, wọ́n á sì fi tépù wọn bí ojú rẹ̀ ṣe jìnnà sí kọ̀ǹpútà. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ta ló máa wọ̀n ọ́n? Ní 2020, Qisheng Li, Katharina Reinecke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ọ̀nà kan jáde. Wọ́n á kọ́kọ́ ní kí olùkópa mú káàdì ATM rẹ̀, kó gbé e lé ojú kọ̀ǹpútà, kó wá máa fi máòsì fa àwòrán káàdì kan títí á fi bá ti ọwọ́ rẹ̀ dọ́gba. Ìbú káàdì yẹn jẹ́ mílímítà 85.6 káàkiri àgbáyé, ì báà jẹ́ ti báǹkì Èkó tàbí ti London. Kọ̀ǹpútà ti mọ bí ojú ara rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó nìyẹn. Lẹ́yìn náà, olùkópa á di ojú ọ̀tún, á fi ojú òsì tẹjú mọ́ igun mẹ́rin dúdú kan. Àmì pupa roboto kan á máa rìn lọ sí apá òsì. Ẹ̀yìn ojú gbogbo wa ní ibì kan tí kò ríran, níbi tí iṣan tó ń gbé ìran lọ sí ọpọlọ ti ń jáde; bí àmì pupa bá dé ọ̀kánkán ibẹ̀, á pòórá. Olùkópa á tẹ bọ́tìnnì. Ibẹ̀ máa ń wà ní nǹkan bí dígírì 13.5 sí ibi tí ojú ń wò, torí náà ìṣirò onígun mẹ́ta ilé ẹ̀kọ́ girama ti tó láti sọ bí orí ṣe jìnnà tó. Àléébù tí ojú ènìyàn ní ni wọ́n sọ di tépù.

Ó wá ku ènìyàn fúnra rẹ̀. Kò sí olùwádìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó máa sọ fún un pé kó fi fóònù sílẹ̀. Gbogbo ohun tí ohùn àti ojú ì bá ṣe, ìlànà tí wọ́n kọ ló máa ṣe é, mo sì ti rí i pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdánwò ti ń kú. Ìlànà tó dára kì í gùn. Ó ń sọ ohun kan lójú ewé kan, ó ń fi ọfà gidi hàn, ó ní kí èèyàn gbìyànjú rẹ̀ wò, bó bá sì ṣì í, ó sọ fún un jẹ́jẹ́ ohun tó yẹ kó tẹ̀. Bíráwúsà á gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà kí ohun mìíràn má pe ojú. Bí olùkópa bá sá lọ wo ojú ewé mìíràn, kóòdù á kọ àkókò tó lọ àti èyí tó dé. Níkẹyìn, àwọn kan á bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, “Ṣé ẹ fọkàn ṣe é? Ẹ sọ òótọ́, owó yín kò ní dín kù.” Ó yani lẹ́nu bí àwọn èèyàn ṣe máa ń sọ òótọ́ tí owó wọn kò bá sí nínú ewu.

Bí dátà bá dé, ó ṣe é kà bí ìtàn. Ìlà tó jẹ́ 170, 165, 172 láti òkè délẹ̀, tó gba ìdajì tó sì ṣi ìdajì, ẹnì kan ló ń gbá bọ́tìnnì láì wo ọfà. Òmíràn ń lọ déédéé ní 480, 520, 455, ó ṣàdédé di 9,300: ẹnu ọ̀nà kàn, tàbí ọbẹ̀ fẹ́ jóná. Ẹni tí kò ní ìkóra-ẹni-níjàánu á máa gé èyí tí kò bá àbá rẹ̀ mu kúrò. Àwọn tó mọ́ lọ́wọ́ á ti kọ òfin wọn sílẹ̀ kí dátà tó wọlé: èyí tó bá kéré ju báyìí, tó bá pọ̀ ju báyìí, kó jáde. Wọn kò sì ní yí i padà mọ́.

Ẹ̀sùn kan ṣì wà tí mo ní sí iṣẹ́ náà. Ní 2010, Joseph Henrich, Steven Heine àti Ara Norenzayan kọ̀wé pé àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni saikọ́lọ́jì fi ń ṣe ìdánwò, tó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo aráyé ló dán wò. A rò pé íntánẹ́ẹ̀tì máa ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Ó ṣí i díẹ̀: kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì nìkan ló ń ṣe é mọ́. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn olùkópa tí wọ́n ń sanwó fún lórí Mechanical Turk tàbí Prolific tó jọ ọ́ ṣì ń gbé ní àwọn orílẹ̀-èdè kan náà.

Ẹ̀yin tó ń kọ́ni ní saikọ́lọ́jì ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀ àti níbòmíràn, jsPsych kì í ṣe títà, bẹ́ẹ̀ náà ni PsychoPy, irinṣẹ́ mìíràn tí Jonathan Peirce bẹ̀rẹ̀ ní Nottingham. Láptọ́ọ̀pù kan àti sùúrù ni wọ́n ń béèrè. Ẹ kọ ìlànà rẹ̀ ní Yorùbá, ẹ gbé e lé orí fóònù Android tó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa, kí ẹ sì kọ́kọ́ wọn ìdádúró ojú fóònù náà kí ẹ tó wọn ẹnikẹ́ni.